Ẹni Tó Bá Ráhùn Ni Alága

Ìtàn eku ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń sọ nípa ọkùnrin náà. Lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín pàápàá, nígbà tí ojú gbogbo èèyàn ti pọ́n, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tó yẹ kó sọ fún opó, akọ̀wé ẹ̀ka ló ṣàdédé ní, "Ẹ rántí ọjọ́ tí Gíwá wọ́ eku jáde?" Ni ẹ̀rín bá sọ. Wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú wọn, nígbà tí ẹ̀rín sì tán, omi ojú ò tán.

Bó ṣe ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọkùnrin yìí ni olórí Ẹ̀ka Ìdarí Ilé-Ẹ̀kọ́ ní yunifásítì, níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tó máa di ọ̀gá ilé-ìwé lọ́la. Lọ́jọ́ kan, Gíwá, olórí gbogbo yunifásítì náà pátá, wá bẹ̀ wọ́n wò. Ó wọ yàrá ìpàdé, ó fa imú, ó ní, "Kí ló ń rùn níbí?"

Àwọn olùkọ́ tó jókòó yí tábìlì ká bá tẹjú mọ́ ọwọ́ ara wọn. Ó ti pẹ́ tí nǹkan náà ti ń rùn. Imú ò ṣe ẹnikẹ́ni nínú wọn, ẹnu ni wọn ò jẹ́ yà. Olórí ẹ̀ka dìde, ó tẹríba fún Gíwá bó ṣe yẹ, ó ní, "Ẹ ṣeun, sà. Ẹ̀yin ni alága."

"Alága kí ni?"

"Alága ìgbìmọ̀ tó máa wádìí òórùn yìí, sà. Ẹ̀yin lẹ kọ́kọ́ sọ ọ́."

Gíwá rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Àmọ́ kó tó padà dé ọ́fíìsì rẹ̀, wọ́n ti ránṣẹ́ sí i pé láàárọ̀ ọjọ́ kejì ni ìpàdé àkọ́kọ́, kó mú ìbọ̀wọ́ dání. Ibi tó yani lẹ́nu níbẹ̀ ni pé Gíwá wá. Bóyá ìtìjú ló gbé e wá, bóyá ó sì ti pẹ́ tí ẹnì kan ti rán baba náà níṣẹ́ gidi kan. Ó bọ́ kóòtù sórí àga, ó dojú bolẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kọ́bọ́ọ̀dù, ó fi igi ìgbálẹ̀ wọ́ òkú eku kan tó ti wú jáde. Ó gbé e sókè níwájú àwọn olùkọ́ bí ẹni gba ife-ẹ̀yẹ. Olórí ẹ̀ka pàtẹ́wọ́, ó ní ìgbìmọ̀ ti parí iṣẹ́, kí wọ́n tú u ká.

Òfin kan ṣoṣo tó fi ń darí ẹ̀ka náà nìyẹn: ẹni tó bá ráhùn ni alága. Bí o bá ní ààbò ò sí nílé ìtọ́jú ìwé, ìwọ ni alága ààbò. Bí o bá ní àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń pẹ́ dé, ìwọ ló máa dúró lẹ́nu ọ̀nà láàárọ̀. Ọjọ́ àkọ́kọ́ lọ́dọọdún ló máa ń sọ ọ́ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tuntun, á na ìka sókè: "Ìráhùn ni iṣẹ́ tí kò tíì rí ẹni tó máa ṣe é." Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sì sọ ọ́ ní Ìwọ-Ni-Alága. Ó gbọ́ orúkọ náà, kò bínú. Ó ní, "Ó ṣáà sàn ju Èmi-Ni-Alága lọ. Àwọn tó ń jẹ́ ìyẹn pọ̀ nílùú."

Ẹni tó mọ̀ ọ́n jù lẹ́nu iṣẹ́ ni igbákejì rẹ̀, obìnrin kan tó ti jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ rí. Àbúrò ló ń pè é, obìnrin náà a sì máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Òkùnkùn ló so wọ́n pọ̀. Nígbà tí obìnrin náà ṣì jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́, ó na ọwọ́ sókè ní kíláàsì, ó ní yàrá náà ṣókùnkùn, òun ò rí ohun tí wọ́n kọ sójú pátákó. Ẹ̀yin náà ti mọ ohun tó gbọ́. Ó di alága òkùnkùn. Ó yan ọmọ ìgbìmọ̀, wọ́n ṣèpàdé, wọ́n jiyàn lórí ẹni tó yẹ káwọn kọ̀wé sí, wọ́n tún ṣèpàdé lórí iyàn tí wọ́n jà. Nígbà tó sú u, ó gun orí àga, ó fi áńkáṣíìfù nu gílóòbù iná. Eruku ni. Ìmọ́lẹ̀ bá tàn kárí yàrá.

Ọkùnrin náà wò ó láti ìsàlẹ̀, inú rẹ̀ dùn gan-an. Ó ní, "Àbúrò, gbogbo ohun tí mo fẹ́ kọ́ ọ lọ́dún yìí lo ti mọ̀ yẹn." Ó sì tún kọ́ ọ ní gbogbo ẹ̀ látòkè délẹ̀, ó tún fún un ní ìdánwò.

Ilé rẹ̀ náà ò yọ sílẹ̀ nínú òfin yìí. Ìyàwó rẹ̀ máa ń sọ ọ́ pé ọmọbìnrin àwọn fi ẹnu ara rẹ̀ sọ lọ́jọ́ kan pé iyọ̀ pọ̀ nínú ọbẹ̀, láti ọjọ́ náà lọmọ ọ̀hún ti ń sebẹ̀ títí tó fi wọ ilé ọkọ. Àwọn àbúrò ọmọ náà tí wọ́n rí ohun tó ṣẹlẹ̀ gbọ́n. Bí iyọ̀ pọ̀, wọ́n á jẹ ẹ́, wọ́n á máa gbé omi mu lé e, wọ́n á ní, "Mọ́mì, ẹ kú iṣẹ́."

Òun fúnra rẹ̀ ńkọ́? Kò ráhùn rí. Ilẹ̀kùn ọ̀dọ̀ awakọ̀ nínú mọ́tò rẹ̀ ti kú, ọ̀dọ̀ èrò ló ń gbà wọlé, á yí ẹsẹ̀ kọjá lórí jíà, á máa mí hẹlẹhẹlẹ, tòun ti aṣọ ńlá lọ́rùn. Igbákejì rẹ̀ ò lè wò ó mọ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ilẹ̀kùn yín ti bàjẹ́ o."

"Ṣé o fẹ́ ṣe alága ẹ̀?"

"Rárá, sà."

"Ó dáa. Kò bàjẹ́ nìyẹn."

Ẹ má jẹ̀ẹ́ ká purọ́, òfin náà ṣiṣẹ́. Fún ọdún mélòó kan, kò sí ẹ̀ka tó mọ́ tónítóní tó tiwọn. Àmọ́ èèyàn lèèyàn ń jẹ́. Ó rẹ̀ wọ́n. Ẹni tó ti ṣe alága omi, tó ṣe alága ìgbọ̀nsẹ̀, tó tún ṣe alága ewúrẹ́ tó ń wọ ọgbà, bó bá rí nǹkan tó bàjẹ́ lẹ́yìn ìyẹn, á kọjú sí ògiri ni. Díẹ̀díẹ̀, ohun tí wọ́n kọ́ kì í ṣe bí wọ́n ṣe ń tún nǹkan ṣe mọ́. Bí wọ́n ṣe ń dákẹ́ ni wọ́n kọ́.

Ọjọ́ tí igbákejì rí i kedere ni ọjọ́ tí òrùlé jò. Wọ́n wà nípàdé, wọ́n ń jíròrò ẹ̀kọ́ tuntun kan tí wọ́n fẹ́ máa kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́, lórí bí ọ̀gá ṣe lè tètè mọ ìṣòro àwọn èèyàn rẹ̀. Òjò dé, ó rí ihò nínú àjà, ó ń kán sórí tábìlì. Ẹnikẹ́ni ò sọ̀rọ̀. Wọ́n ń sún ìwé wọn sẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n ń sún àga wọn sẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì, àgbàlagbà tí omi náà ń kán sí lórí gan-an, nu gíláàsì rẹ̀ títí, ó wá ṣí agbòjò rẹ̀ nínú ilé.

Olórí ẹ̀ka béèrè pé, "Ọ̀jọ̀gbọ́n, ṣé kò sí o?"

"Kò sí nǹkan kan," ló dáhùn lábẹ́ agbòjò. "Mo kàn fẹ́ràn ibòji ni."

Àwọn tó wà níbẹ̀ ṣì ń fi í rẹ́rìn-ín dòní. Igbákejì ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ náà. Ó wò yí tábìlì ká, ó wo àwọn ọ̀mọ̀wé tó tutù bí adìyẹ tí òjò pa, ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó jókòó sórí àga olórí tó ń dúró kí ẹnì kan ṣáà sọ ọ́, ẹ̀rù sì bà á. Ó ní lọ́kàn ara rẹ̀ pé bí nǹkan tó ju òjò lọ bá wọlé tọ̀ wọ́n wá, báyìí náà ni wọ́n ṣe máa jókòó.

Nǹkan tó ju òjò lọ náà sì wọlé. Ọkùnrin náà bẹ̀rẹ̀ sí í rù.

Kò yọ́ kẹ́lẹ́ wá. Ojú gbogbo wọn ló ṣe. Kóòtù tó ń há a lọ́rùn tẹ́lẹ̀ dà bíi pé ó yá a lọ́wọ́ ẹlòmíì. Kì í jókòó kọ́ni rí, ó wá ń jókòó kọ́ni. Bó bá ń gun àtẹ̀gùn, ó máa ń dúró láàárín, níwájú pátákó ìfilọ̀ kan tó wà lára ògiri, á fọwọ́ ti ògiri náà, á máa kà á bí ẹni ń ka ìwé ńlá, títí mímí rẹ̀ á fi balẹ̀. Wọ́n ti yọ gbogbo ìwé ara pátákó náà tipẹ́. Òfìfo ni ọkùnrin náà ń kà.

Wọ́n rí i, wọ́n dákẹ́. Akọ̀wé gbé kíláàsì rẹ̀ wá sí ìsàlẹ̀, ó parọ́ pé wọ́n fẹ́ kun yàrá òkè ní ọ̀dà. Ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a gbé báàgì, ó ní òun ń fi ṣe eré ìdárayá. Wọ́n fẹ́ràn rẹ̀, kò sí irọ́ níbẹ̀. Àmọ́ ta ló fẹ́ ṣe alága irú èyí? Ẹni tó bá wọ́ eku jáde, á fọwọ́, á sì lọ jẹun. Ẹni tó bá sọ pé ọ̀gá ń kú lọ, báwo ló ṣe máa tú ìgbìmọ̀ ká?

Igbákejì lọ bá ìyàwó ọ̀gá nílé. Ó bá obìnrin náà tó ń ká aṣọ.

"Mọ́mì, ara ẹ̀gbọ́n ò yá."

"Ṣé o rò pé mi ò lójú ni?" Obìnrin náà ò gbójú sókè. "Mo ti sọ ọ́. Ó ní kí n máa ṣe alága ẹ̀. Mo ní ó dáa, mo fà á lọ sílé ìwòsàn. A débẹ̀, ó sọ fún dókítà pé òun ò ráhùn o, èmi ni mò ń ráhùn, kí wọ́n yẹ èmi wò."

"Kí ni wọ́n wá ṣe?"

"Wọ́n yẹ mí wò. Ẹ̀jẹ̀ mi ga."

Ìyàwó ọ̀gá gbé aṣọ sílẹ̀, ó ń fọwọ́ nà án, bẹ́ẹ̀ aṣọ náà ti nà tẹ́lẹ̀. "Ẹni tó bá dákẹ́, tara ẹ̀ á bá a dákẹ́. Mo ti sọ ọ́ títí, ẹnu mi ti bó. Bóyá á gbọ́ tìrẹ. Tìrẹ ló máa ń gbọ́."

Igbákejì délé, ó jókòó ronú. Bàbá tirẹ̀ ò pẹ́ láyé, ọkùnrin yìí ló bá a wá iṣẹ́ àkọ́kọ́, òun ló bá a jà nígbà tí wọ́n ní kò lè di igbákejì, òun ló jókòó síwájú níbi ìgbéyàwó rẹ̀. Bí òun bá dákẹ́, ọkùnrin náà máa kú lójú òun. Bí òun bá sọ ọ́, ọkùnrin náà ṣì lè kú, àmọ́ kò ní dá ẹrù náà rù. Ohun tó rò nìyẹn.

Nípàdé tó tẹ̀ lé e, wọ́n sọ̀rọ̀ ìdánwò, wọ́n sọ̀rọ̀ àga. Olórí ẹ̀ka béèrè bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá wà. Igbákejì na ọwọ́ sókè.

"Mo ní ìráhùn."

Àwọn tó ń palẹ̀ ìwé mọ́ dáwọ́ dúró. Ó ti pẹ́ tí wọ́n ti gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn gbẹ̀yìn nínú yàrá náà.

"Olórí ẹ̀ka wa ń ṣàìsàn," ló wí. "Ó ń rù. Kò lè gun àtẹ̀gùn mọ́. Kò fẹ́ lọ rí dókítà. Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin ni mò ń ráhùn nípa ẹ̀."

Ọkùnrin náà kọjú sí i. Ó mú kálàmù, ó tún gbé e sílẹ̀. Ó ní, "O mọ òfin."

"Mo mọ̀ ọ́n, sà."

"Ìwọ ni alága."

"Mo gbà á. Mo fẹ́ ọmọ ìgbìmọ̀."

Àga dún. Akọ̀wé ti dìde, ó ní òun náà ń ráhùn, òun ti ń ráhùn látọjọ́ tí òun ti parọ́ ọ̀dà. Ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì yọ gíláàsì rẹ̀, ó ní, "Èmi náà. Báàgì yẹn ò wúwo, sà. Ẹ̀yin ni mò ń bẹ̀rù pé ẹ máa ṣubú." Bí wọ́n ṣe ń dìde lọ́kọ̀ọ̀kan nìyẹn, àwọn èèyàn tó ti ya odi láti ọdún mélòó kan wá.

Igbákejì ní, "Nísinsìnyí ni ìpàdé àkọ́kọ́, nílé ìwòsàn. Mọ́tò mi wà nísàlẹ̀, gbogbo ilẹ̀kùn ẹ̀ ló ń ṣí."

Olórí ẹ̀ka wo ọ̀tún, ó wo òsì, kò rí ibi tó máa gbà yọ. Òfin tí òun fúnra rẹ̀ ṣe ló mú un. Ó kó ìwé rẹ̀ jọ, ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sílẹ̀ pé ìpàdé parí láìsí àtakò.

Ó ti pẹ́ jù. Dókítà ò fi bò fún wọn. Àìsàn náà ti jẹ ẹ́ jìnnà, ohun tó kù ni kí wọ́n fi oògùn dín ìrora kù, kó lè lo ìwọ̀nba àkókò tó kù ní ìrọ̀rùn. Níbẹ̀ náà ni wàhálà mìíràn ti bẹ̀rẹ̀, torí ọkùnrin náà ò sọ ibi tó ń dùn ún.

"Ṣé ibí ni?" Dókítà tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ kú iṣẹ́, dókítà."

"Ṣé ó ń dùn yín?"

"Ẹ̀yin lẹ mọ̀ ọ́n."

Láàárín ọjọ́ díẹ̀, ó ti ń darí wọ́ọ̀dù. Nọ́ọ̀sì kan ní ariwo táyà kẹ̀kẹ́ oògùn ń fọ́ òun lórí, ó sọ ọ́ di alága táyà. Lọ́jọ́ kejì kẹ̀kẹ́ náà ti gba epo, kò dún mọ́. Dókítà bínú, ó béèrè ta ni ọ̀gá nínú wọ́ọ̀dù yìí. Ọkùnrin náà gbórí sókè díẹ̀ lórí ìrọ̀rí, ó ní, "Ìbéèrè gidi nìyẹn. Ẹ̀yin ni alága ẹ̀."

Àmọ́ nígbà tí dókítà pe igbákejì sí ẹ̀gbẹ́ kan, kò sí ẹ̀rín lójú rẹ̀. "Ìrora tó ń jẹ, mi ò rò pé ẹnì kan lè fara dà á. Bí kò bá sọ ibi tó ti ń dùn ún àti bó ṣe ń dùn ún tó, mò ń fi ojú afọ́jú fún un lóògùn ni."

Igbákejì padà wọlé lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyàwó ọ̀gá jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri. Ọkùnrin náà pajú dé, ó fi ọwọ́ méjèèjì di irin ibùsùn mú, iṣan ọwọ́ rẹ̀ yọ síta. Igbákejì fa àga.

"Ẹ̀gbọ́n, ta ni alága àìsàn yìí?"

"Ìwọ ni."

"Ṣé alága méjì máa ń wà?"

Ó lajú. "Kò sí irú ẹ̀."

"Ipò ti kún nìyẹn. Ẹ ò lè di alága ẹ̀ mọ́ láéláé, bó ti wù kẹ́ ẹ ráhùn tó. Torí náà, ẹ ráhùn, sà."

Ó rò ó. Bí ẹni ń yẹ òfin wò ló ṣe rò ó, ó ń wá ibi tí kò ti mọ́, kò rí i. Igbákejì rí bí ìka rẹ̀ ṣe ń tú kúrò lára irin ibùsùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ó ń dùn mí," ló wí.

Ìyàwó rẹ̀ fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Níbo, sà?"

"Ẹ̀yìn mi. Ó ń wá láti ẹ̀yìn, ó ń gba inú wá. Bí mo bá sùn lé ọ̀tún, ó burú, bí mo bá sùn lé òsì, ó burú jù. Ìrọ̀rí yìí le. Oúnjẹ wọn ò ní adùn. Ẹni tó kun ògiri yìí ní àwọ̀ yìí, Ọlọ́run á bi í." Kò lè dákẹ́ mọ́. Ó ráhùn nípa ẹsẹ̀ rẹ̀ tó ń tutù, ó ráhùn nípa àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí kì í kàwé, ó ráhùn nípa ìyàwó rẹ̀ tó máa ń hanrun. Obìnrin náà ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọkọ mi, látìgbà wo?"

"Látọjọ́ tí mo ti fẹ́ ẹ."

Ó sinmi díẹ̀. Nígbà tó tún sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti wálẹ̀. "Bàbá mi máa ń jókòó sẹ́nu ọ̀nà láti àárọ̀ di alẹ́, á máa ráhùn. Ẹsẹ̀ mi, ẹ̀yìn mi, ooru yìí. Ó sú gbogbo wa. Mo búra pé mi ò ní dà bí ẹ̀ láyé mi." Omi ti kún ojú rẹ̀. "Àbúrò, àṣé ó ń dùn ún ni. Kò sí ẹni tó bi í pé níbo."

Igbákejì di ọwọ́ rẹ̀ mú. Ó pe nọ́ọ̀sì, ó to gbogbo ibi tó ń dun ọkùnrin náà lẹ́sẹẹsẹ fún un, wọ́n yí oògùn padà, ọkùnrin náà sì sùn bí kò ṣe sùn látìgbà pípẹ́.

Lẹ́yìn náà, kò sí ọjọ́ tí kò ráhùn. Àwọn olùkọ́ ẹ̀ka ń wá, wọ́n ń jókòó gbọ́ ọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n onígíláàsì sì bá a jiyàn lórí àwọ̀ ògiri. Kò fi ẹnikẹ́ni ṣe alága nǹkan kan mọ́. Lọ́jọ́ tó gbẹ̀yìn, ó ní ìrọ̀rí gbóná. Ìyàwó rẹ̀ gbé orí rẹ̀ sókè, igbákejì yí ìrọ̀rí náà sí apá tó tutù, wọ́n sì rọra gbé orí náà padà sí i.

"Ó ti dáa báyìí," ló wí, ó sì pajú dé.

Ìyàwó rẹ̀ mọ̀ ṣáájú pé ó ti lọ, ó ti kọjú sí ògiri, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Igbákejì ṣì fara ti ibùsùn, ó tẹ́tí sílẹ̀, ó ń retí ìráhùn tó kàn.